Ṣáwà Inú Yàrá Ọ̀gá Bọ́lárìnwá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ipò kì í pa èèyàn bí ọtí, ẹ bi í bóyá ó gbé ní Port Harcourt ní nǹkan bí ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá di ọ̀gá ní ọ́fíìsì tó ń tún ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe. Orúkọ ọ́fíìsì náà kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé bí òrùlé bá ń jò, tàbí bí fèrèsé bá kọ̀ tí kò pa dé, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Bọ́lárìnwá ni wọ́n ń wá, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń padà lọ bá òrùlé tó ń jò náà nílé.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà burú o. Kò jalè, kì í na ìyàwó, kì í sì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó fẹ́ràn ara rẹ̀ débi pé kò ku àyè fún ẹlòmíràn láti bá a fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó sanra díẹ̀, ó sì máa ń gbé àyà síwájú bí àkùkọ tó gbọ́ pé òun ni wọ́n fẹ́ fi jọba. Nígbà tí òyìnbó tó wà nípò náà tẹ́lẹ̀ kó lọ sílé, wọ́n fún Bọ́lárìnwá ní ilé rẹ̀, ní àdúgbò tí igi ti ń ṣíji bo títì. Láti ọjọ́ náà ni òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó ní kí òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ rí òun kọ́kọ́ wúkọ́, kó kan ilẹ̀kùn, kó tún wúkọ́. Ó ní bí òun ò bá sí lórí ìjókòó òun, kí wọ́n kí ìjókòó náà. Ti agboòrùn ló wá burú jù. Ó ní ọmọ abẹ́ òun kankan kò gbọdọ̀ gbé agboòrùn tó fẹ̀ ju tòun lọ. Ní Port Harcourt o! Ìlú tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ọ̀run. Ilésanmí, akọ̀wé àgbà, tó ga bí ọ̀pẹ, bá lọ ra agboòrùn ọmọdé tí wọ́n ya labalábá sí. Òun ló ń gbé kọjá ní Aggrey Road, tí èjìká rẹ̀ méjèèjì á máa rin gbingbin.

"Ó bá mi lára mu, sà," ni ó máa ń wí.

Ilésanmí yìí, ẹ jẹ́ n sọ fún yín, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n pọ́n ọ̀gá bí i tirẹ̀. Bí Ọ̀gá bá sín, á ní, "Ohùn yẹn dùn, sà."

Ó wá ṣe lọ́jọ́ kan, ní kílọ́ọ̀bù, òyìnbó kan ń sọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó dé sí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fún Ọ̀gá Bọ́lárìnwá. Ó ní inú yàrá òun gan-an ni ṣáwà, ẹ̀rọ ìwẹ̀ tó ń da omi síni lórí bí òjò, wà. Ohun tó ní lọ́kàn ni balùwẹ̀ kékeré kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sínú yàrá. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Bọ́lárìnwá kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà pé ọ̀gá tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ ti di ọmọ iṣẹ́. Bó ṣe délé báyìí, ó ránṣẹ́ pe Ọ̀ṣẹ́nì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù omi fún ọ́fíìsì wọn, ó mú un wọ yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn sí, ó sì nàka sí ògiri lókè orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ibí ni mo fẹ́ kí o gbé ṣáwà sí."

Ọ̀ṣẹ́nì wo ògiri, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ojú Ọ̀gá. "Ibí yìí, sà? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí?"

"Ṣé o ti rí ọba tó ń rìn lọ bá omi rí? Omi ní ń wá bá ọba."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, sà. Irú rẹ̀ ò sí n'Íbàdàn, kò sí l'Ékòó."

Ọ̀ṣẹ́nì fi ṣe ìyìn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á lẹ mọ̀ pé ó nídìí tí irú rẹ̀ kò fi sí. Balùwẹ̀ tó dára wà nínú ilé náà tẹ́lẹ̀, èèyàn kò ní í tíì nu imú tán tí yóò fi rìn débẹ̀ láti yàrá. Ṣùgbọ́n páìpù ìjọba wà ní ọ́fíìsì, Ọ̀ṣẹ́nì wà, Ọ̀gá sì ti sọ̀rọ̀. Wọ́n fa páìpù wọlé, wọ́n gbé ṣáwà kọ́ ògiri, wọ́n sì dá ihò kan lu sí ìsàlẹ̀ ògiri kí omi lè máa gbabẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀gá Bọ́lárìnwá pe gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá ṣí i. Wọ́n ta ríbọ́ọ̀nù pupa sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Ìyàwó rẹ̀, Bọ́sẹ̀dé, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rẹ̀mí nítorí ọmọbìnrin wọn tó wà níléèwé n'Íbàdàn, dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di apá mọ́ àyà, ó ń wo àwọn ọkùnrin oníbàtà tó tò sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí òun gbá láàárọ̀.

Ọ̀gá gun àpótí. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀yin ojú tó ń wò mí tí kò lè sú! Láyé àtijọ́, àwọn bàbá wa rìn lọ sódò. Lẹ́yìn odò, kànga dé. Lẹ́yìn kànga, ẹ̀rọ omi dé. Lónìí, odò fúnra rẹ̀ ti múra, ó ti wá kan ilẹ̀kùn Bọ́lárìnwá, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n wọlé?' Mo sì dá a lóhùn pé, 'Wọlé, ọmọ mi!'"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi pọ́n. Ọ̀gá gé ríbọ́ọ̀nù, ó yí ẹ̀rọ, omi sì ya jáde lẹ́nu ṣáwà. Ìdajì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ìdajì bọ́ sórí ìrọ̀rí. Ilésanmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ṣáwà.

"Ó kí ìrọ̀rí, sà!" ni ó ké. "Omi tó lẹ́kọ̀ọ́!"

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá Rẹ̀mí gbé ìrọ̀rí náà, ó fún un, omi sì ṣàn sílẹ̀ láàárín òun àti ọkọ rẹ̀. "Bàbá Rẹ̀mí, ibo lẹ fẹ́ kí n gbórí lé?"

"Ìtura ni wọ́n ń pe èyí, Ìyá Rẹ̀mí. Á mọ́ ọ lára."

Kò mọ́ ọn lára. Ta ni yóò mọ́ lára? Láàárín oṣù mélòó kan, yàrá ọba omi ti di etí odò. Ṣáwà kì í dákẹ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ tì í, á máa kán tó, tó, tó. Tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì hu olú. Ihò tí omi ń gbà jáde ni ọ̀pọ̀lọ́ ń gbà wọlé, wọ́n á sì jókòó sábẹ́ ṣáwà bí ẹni tí wọ́n pè sí ìpàdé. Ẹ̀fọn tó ti ń jìyà níta látọdún yìí rí ibi ìsinmi. Nígbà tí Ìyá Rẹ̀mí ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, tó rí i pé ẹtù tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà ìgbéyàwó ti bu funfun, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ náà lórí itan.

Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀. "Bàbá Rẹ̀mí, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí Ọ̀ṣẹ́nì wá yọ nǹkan yẹn."

Ọ̀gá Bọ́lárìnwá sín, ó nu imú. Ọ̀fìnkìn kò fi í sílẹ̀ láti oṣù tí wọ́n ti gbé ṣáwà kọ́. "Yọ ọ́ kẹ̀? Lẹ́yìn tí mo ti ṣí i? Tí wọ́n bá yọ ọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó pàtẹ́wọ́?"

"Ṣé àwọn tó pàtẹ́wọ́ ló ń sùn síbẹ̀ ni?"

"Ohun tí ọ̀gá bá gbé kọ́, kì í sọ ọ́ kalẹ̀."

Ìyá Rẹ̀mí wò ó. Ó rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ní Ìjẹmọ̀ l'Ábẹ́òkúta, tí ṣòkòtò rẹ̀ kúrú, tí kò sì lè sọ̀rọ̀ níwájú bàbá òun láìlàágùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló fẹ́. "Èmi ò fẹ́ odò," ó ní. "Ọkọ ni mo fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí odò bá wà nínú yàrá yẹn, èmi ò ní í sùn síbẹ̀. Tí Rẹ̀mí bá sì gba ọlidé, ọ̀dọ̀ ìyá mi l'Ábẹ́òkúta ni èmi àtòun yóò ti lò ó, n kò sì mọ ìgbà tí mo máa padà."

Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá ọmọ wọn. Ọ̀gá Bọ́lárìnwá ń dá sùn pẹ̀lú àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Ó sọ fún Ilésanmí pé ìyàwó òun fi àyè sílẹ̀ fún òun láti ronú. Ilésanmí ní, "Ìrònú yín fẹ̀ púpọ̀, sà, kò lè gba ẹni méjì."

Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ títí Dagogo, dírẹ́bà ọ́fíìsì, ọmọ Okrika, fi sáré wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tó gbàgbé láti wúkọ́.

"Oga, wahala don come o! That big man from Lagos, Mr. Adébánjọ, e don reach Enugu. Dem say e enter one oga house there, e see say the man take government iron do cage for him parrot. As I dey talk so, that oga dey pack him load. And the big man dey come here tomorrow with train. E say e go inspect your house first!"

Ẹ̀rù ba Ọ̀gá Bọ́lárìnwá. Ó rántí páìpù ìjọba. Ó rántí Ọ̀ṣẹ́nì tó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣiṣẹ́ nínú yàrá òun nígbà tí òrùlé àwọn ẹlòmíràn ń jò. Wọ́n ti ń sọ pé òun ni yóò gba ipò ọ̀gá fún gbogbo ìlà oòrùn. Ṣé ẹyẹ ayékòótọ́ sì ti lé ẹnì kan kúrò nípò báyìí? Lójú ẹsẹ̀ ló dìde, ó ní kí wọ́n lọ pe Ọ̀ṣẹ́nì.

Ọ̀ṣẹ́nì ti lọ ṣọdún Iléyá ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Pípe ẹlòmíràn nínú ìlú ńkọ́? Wọn á gbọ́. Ọ̀gá Bọ́lárìnwá ronú, ó sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, ó pè é ní Ìgbìmọ̀ Ìdápadà Ògiri. Ilésanmí ni alága, àwọn akọ̀wé méjì tó kù ni ọmọ ẹgbẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti di sípánà mú rí, àfi kálámù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pé sí yàrá náà pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀gá tún sọ̀rọ̀. Ó dojú kọ ṣáwà, ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a yọ ọ́. Ó sìn wá, ó rẹ̀ ẹ́, ó fẹ̀yìn tì. Ìwọ ṣáwà, máa lọ ní àlàáfíà!"

Ìyá Rẹ̀mí yọjú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ṣé ẹ ti ti omi pa níta?"

"Ìyá Rẹ̀mí, iṣẹ́ ọ́fíìsì lèyí."

Ilésanmí, tó ti gun àga, dúró díẹ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. "Sà, ọ̀rọ̀ tí Mádáàmù sọ yẹn, bóyá..."

"Ṣé o fẹ́ kọ́ mi ni?"

"Háà, rárá o, sà! Omi gan-an mọ̀ yín."

Ló bá yí sípánà. Ó yí i, ó fà á, àwọn akọ̀wé méjèèjì di ìbàdí rẹ̀ mú, wọ́n jọ fà á. Ṣáwà tú wọ́ọ́, gbogbo ìgbìmọ̀ ṣubú lu bẹ́ẹ̀dì, omi sì ta jáde nínú ògiri bí ẹṣin tó já okùn. Ọ̀gá Bọ́lárìnwá fò síwájú, ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu páìpù. Omi dúró. Agbádá rẹ̀ ti rin gbingbin, fìlà rẹ̀ ti wọ́ sórí etí, ṣùgbọ́n omi dúró.

"Ọgbọ́n nìyẹn, sà," ni Ilésanmí wí láti abẹ́ àwọn yòókù.

Ìgbà náà gan-an ni wọ́n gbọ́ fèrè mọ́tò Dagogo, tó lọ gbé àlejò ní ibùdókọ̀ ojú irin, níta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ ọkọ̀ ojú irin rí, ẹ máa rẹ́rìn-ín: látọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò tètè dé rí. Ọjọ́ náà ló yàn.

Ìyá Rẹ̀mí ti sáré lọ kúnlẹ̀ kí àlejò. Ilésanmí fi ìborí bẹ́ẹ̀dì bo ṣáwà lórí tìmùtìmù, ó nu ojú, ó sì jáde lọ sí pálọ̀. Alàgbà Adébánjọ ni ó bá níbẹ̀, bàbá kúkúrú kan tó hewú, tó wọ ẹ̀wù funfun lásán àti fìlà tó ti gbó, tó sì wọ awò ojú. Kò mú ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.

"Níbo ni ọ̀gá yín wà?"

"Ó wà nínú yàrá, sà. Ó ń... ó ń di nǹkan mú, sà."

"Kí ló ń dì mú?"

"Ògiri, sà."

Bàbá náà yọ awò, ó tún un wọ̀. "Ṣé ògiri fẹ́ wó ni?"

"Rárá o, sà. Ògiri wà dáadáa, sà. Ìfẹ́ ni, sà."

Alàgbà Adébánjọ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó rìn tààrà lọ sí yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn ṣí, Ilésanmí sáré tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá Bọ́lárìnwá dúró níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, apá rẹ̀ kan wà lókè lẹ́yìn orí, omi ń kán létí agbádá rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà! Ẹ kú ìrìn! Ìlú Port Harcourt, òkun rẹ̀, ọ̀sà rẹ̀, ń yọ̀ mọ́ yín!"

Bàbá náà tún awò ojú rẹ̀ ṣe. Ó ń dúró. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tó ń dúró dè. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni ẹni tó fara ti ògiri yìí, ẹni tó hewú sì wọlé bá a. Bọ́lárìnwá tẹ orúnkún díẹ̀, ó tún dìde.

"Bọ́lárìnwá," ni bàbá náà wí pẹ̀lẹ́, "ṣé l'Ábẹ́òkúta, òòró ni wọ́n ti ń kí àgbà?"

Ẹ má fi Bọ́lárìnwá ṣẹ̀sín jù o. Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Bí ó bá dúró, wọn á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, wọn á dárúkọ bàbá rẹ̀. Bí ó bá dọ̀bálẹ̀, ẹ kúkú mọ̀. Ó wo àlejò, ó wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tó ti di ọ̀gá, ẹlòmíràn ló ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ̀kọ́ ilé, tó ti ń sùn nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ló jí lójijì. Ó yọ ọwọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Omi kọjá lórí rẹ̀, ó sì lu Alàgbà Adébánjọ níwájú orí. Fìlà fò lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Awò ojú bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá náà fọwọ́ bo ojú, ó ta gbọ̀ngbọ́n, ó di ìborí bẹ́ẹ̀dì mú kó má baà ṣubú, ìborí sì wọ́ kúrò. Ṣáwà wà lórí tìmùtìmù, ó ń dán.

Dagogo ń pariwo níta, "Water don burst! Water don burst o!" Ìgbìmọ̀ Ìdápadà Ògiri ti gba ojú fèrèsé sá lọ, Ilésanmí alága ló sì ṣíwájú wọn. Ìyá Rẹ̀mí nìkan ló rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì yí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ti omi ilé pa níbẹ̀. Omi dákẹ́.

Alàgbà Adébánjọ nàka sórí bẹ́ẹ̀dì. "Kí lèyí?"

Ọ̀gá Bọ́lárìnwá kò tíì dìde nílẹ̀. "Ṣáwà ni, sà. Ó... ó fẹ̀yìn tì láàárọ̀ yìí, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bàbá náà wí, tí omi ń ṣàn ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìwọ náà lọ múra kí o máa tẹ̀ lé e."

Bí ọ̀rọ̀ ìbá ṣe parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìyá Rẹ̀mí wọlé pẹ̀lú aṣọ ìnura gbígbẹ, ó fi bo èjìká bàbá náà, ó wá awò rẹ̀, ó nù ún, ó gbé ọbẹ̀ ẹja tútù tó gbóná wá pẹ̀lú ata tó pọ̀. Nígbà tí ara bàbá náà ti ń balẹ̀, Ìyá Rẹ̀mí kúnlẹ̀.

"Bàbá, mi ò sọ pé kò ṣe é. Ó ṣe é. Èmi gan-an ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé nígbà tó burú jù, ó dọ̀bálẹ̀? Ẹni tó mọ̀ pé omi máa lu òun, tó sì kí àgbà, kò tíì bàjẹ́ tán."

Alàgbà Adébánjọ mu ọbẹ̀, ó sín, lójijì ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi tún yọ awò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ẹ̀rín kò fagi lé ìdájọ́ o: Bọ́lárìnwá kúrò nípò, ó kúrò nínú ilé ìjọba, wọ́n sì ní kí ó máa tọ́jú yàrá ìkẹ́rùsí tí ìgbálẹ̀, ọ̀dà àti garawa ọ́fíìsì wà. Ṣùgbọ́n wọn ò lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ilésanmí ti kí ọ̀gá tuntun kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo gbọ́ pé ó sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ọgbọ́n orí.

Bọ́lárìnwá gba yàrá kan ní Díóbù, ní Máìlì Wan, nínú ilé gígùn kan tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí. Ìyá Rẹ̀mí kò lọ sí Abẹ́òkúta. Ó ní òun fẹ́ mọ bí yàrá gbígbẹ ṣe ń rí. Balùwẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n fi páànù ṣe, wà lẹ́yìn ilé, gbogbo ilé ló sì ń tò síbẹ̀ láàárọ̀, kálukú pẹ̀lú garawa tirẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Bọ́lárìnwá pẹ́ jù níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ẹja fi ọwọ́ gbá páànù. "Oga! Abeg comot! Na you one get body?"

Ọkùnrin wa la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ńlá ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ọṣẹ wọ ẹnu rẹ̀, ó wúkọ́, ó sì gbọ́ ara rẹ̀ tó ń sọ pé, "Sister, no vex. I don finish." Ó jáde pẹ̀lú ìfófòó létí, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pa á. Èyí yà á lẹ́nu gan-an.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀, títí di àárọ̀ kan tí òjò ń ṣú, tí Ìyá Rẹ̀mí ń bọ̀ látìdí ẹ̀rọ pẹ̀lú garawa tó kún. Ọkọ rẹ̀ pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó gba garawa náà, ó gbé e dé inú balùwẹ̀ páànù fún un, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìró ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn. Àwọn tó tò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Òjò ti ń kán. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, "Who dey inside self?"

Bọ́lárìnwá gbé àyà síwájú bí ìgbà tó wà nípò. "Ẹ ní sùúrù!" ni ó wí pẹ̀lú ohùn rara. "Ìyàwó mi ló ń wẹ̀."

Nínú páànù, wọ́n gbọ́ tí Ìyá Rẹ̀mí bú sẹ́rìn-ín, tó sì da igbá omi ńlá kan lé ara rẹ̀ lórí.